Lẹ́tà sí Àjàní nípa pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí lẹ́ẹ̀mẹta

Grand Prairie, Texas,
Ọjọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Àjàní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara Màmá ti ń le sí i, àti pé ilé tí ò ń kọ́ ní Àkóbọ̀ ti dé ìdí òrùlé. Ìbéèrè tí o fi kádìí lẹ́tà náà ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dé gbòǹgbò, nítorí pé mo mọ̀ ọ́ ní ọ̀gá kọ́lékọ́lé, mo sì mọ̀ pé "wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni" kò lè tẹ́ ọ lọ́rùn. O ní nígbà tí ẹ ń wo ìdíje àwọn àṣàyàn eléré bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù keje, ọmọ rẹ nawọ́ sí òrùlé tó wà lókè pápá náà, ó sì ní wọ́n máa ń ṣí i, wọ́n sì máa ń dé e padà. O bi mí bóyá òótọ́ ni. O sì tún bi mí pé kí ló ṣe pápá ìṣeré àtijọ́ tó wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n fi pa á tì nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Globe Life Field ni wọ́n ń pe ilé náà, ìyẹn orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò kan tó sanwó kí wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ pe pápá. Ó wà ní Arlington, ìlú tó wà láàárín Dallas àti Fort Worth, kò sì jìnnà sí ilé wa níhìn-ín. Ẹgbẹ́ Texas Rangers ló ni ìtẹ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1972 tí ẹgbẹ́ náà ti kó wá láti Washington ni wọ́n ti ń bá ooru Texas fà á, ooru náà ni mo sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé, nítorí òun ni ìdí ọ̀rọ̀.

Eré bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù kò dà bí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gbá eré 162 lọ́dún, wọ́n sì máa ń gbá 81 nínú rẹ̀ nílé, láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹsàn-án. Èyí fi hàn pé gbogbo ìgbà ooru pátá ni wọ́n ń lò lórí pápá. Má sì fi ooru Ìbàdàn wé e, nítorí pé ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, òjò a máa pa ooru tiyín. Ní ìhín, oòrùn a yọ ní kùtùkùtù, kò ní wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, ìwọ̀n ooru a sì ré kọjá 38 nínú òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ léraléra. Ní pápá àtijọ́, eré ọjọ́ Àìkú tí àwọn ìlú yòókù máa ń gbá ní ọ̀sán, alẹ́ ni àwọn Rangers ń sún un sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti jókòó níbẹ̀ rí ní oṣù kẹjọ. Irin ìjókòó ń jó ni nídìí, ọmọdé ń sunkún, omi tí a rà sì ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ kí a tó mu ún dé ìdajì. Kí eré tó dé àárín, àwọn ìdílé tó ní ọmọ kékeré ti ń wá ọ̀nà ilé. Tí a bá sì wá wò ó ní ìgbà ìrúwé, ìjì àti yìnyín ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gbá bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù nínú òjò; wọ́n á fi ọ̀rá ńlá bo ilẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì máa wojú sánmà.

Síbẹ̀, pápá àtijọ́ yẹn dára lójú. Oṣù kẹrin ọdún 1994 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí George W. Bush, tó padà di Ààrẹ, wà lára àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga, wọ́n sì tẹ̀ bí ọrun lókè bí ti àwọn ilé àtijọ́. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò ní òrùlé. Ìwọ á ní kí ló dé tí wọn kò kàn fi òrùlé lé e. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ilé tí a kò fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ de ẹrù òrùlé, ìnáwó tí yóò mú wá bí a bá ní kí a gbé òrùlé ka orí rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ilé tuntun. Wọn kò wó o o. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀ di Choctaw Stadium, wọ́n sì ti gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ní ọjọ́ kan náà tí Amẹ́ríkà dìbò yan Trump, àwọn ará Arlington dìbò lórí pápá tuntun yìí, nǹkan bí ẹni mẹ́fà nínú mẹ́wàá sì gbà á wọlé. Ìlú yóò mú owó tó tó mílíọ̀nù 500 dọ́là sílẹ̀, ẹgbẹ́ Rangers yóò sì gbé ìyókù. Nígbà tí iṣẹ́ fi máa parí, gbogbo owó náà ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.2 dọ́là. Ibi tí ìlú ti ń rí tirẹ̀ ni owó orí ọjà, ààbọ̀ sẹ́ńtì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, àti owó orí lórí ilé ìtura àti ọkọ̀ tí ènìyàn bá háyà. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí. Nítorí pé Grand Prairie ni mò ń gbé, wọn kò pè mí sí ìdìbò náà, ṣùgbọ́n Arlington ni mo ti ń ra bàtà àwọn ọmọ mi, nítorí náà n kò yọ́ nínú ìsanwó. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó pọ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé pápá ìṣeré tí ìjọba bá fi owó ìlú kọ́ kì í sábà mú èrè tó tó owó náà wálé. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ọlọ́rọ̀ ló ni ẹgbẹ́, ọlọ́rọ̀ ni ì bá kọ́ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dìbò ti sọ tiwọn, oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ku òrùlé, tí mo mọ̀ pé òun gan-an ni ò ń dúró dè. Iléeṣẹ́ ayàwòrán ilé HKS ti Dallas ló ya àwòrán rẹ̀. Òrùlé tó ń rìn náà fẹ̀ tó éékà márùn-ún ààbọ̀, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù 10,000 lọ. Irin ni egungun rẹ̀. Kò sí òpó kankan láàárín pápá, nítorí pé bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fò láìsí ìdíwọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé gbogbo ẹrù náà kà, níbi tí wọ́n tẹ́ irin bíi ti rélùwéè sí, tí àwọn táyà onírin ń yí lórí rẹ̀, tí mọ́tò sì ń tì wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì títí tí òrùlé yóò fi ṣí tán, ìṣẹ́jú bíi 12 ni. N kò lè pe é ní ìyára, ṣùgbọ́n nígbà tí o bá rántí ohun tó ń rìn náà, wà á mọ̀ pé kò lọ́ra rárá. Bí mo ṣe dúró lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ, n kò gbọ́ ariwo tó pọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ìlà oòrùn tó gun orí àwọn ìjókòó, tó sì ń gbòòrò sí i. Wọ́n tún lo ohun kan lára òrùlé náà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, kí inú ilé má baà ṣókùnkùn nígbà tí wọ́n bá dé e. Ìyẹn nìkan kọ́ o: wọ́n wa ilẹ̀ jìn, tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ títì ni pápá fúnra rẹ̀ wà. Láti ìta, ilé náà kò ga tó bí ènìyàn ṣe rò, ṣùgbọ́n tí o bá wọlé, tí o yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ńṣe ni wà á máa wo ìsàlẹ̀ tí wà á sì máa wò ó.

Má rò pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Toronto ti ṣí tirẹ̀ ní ọdún 1989, Phoenix ní 1998, Seattle ní 1999, Houston ní 2000, Milwaukee ní 2001, Miami sì tẹ̀ lé wọn ní 2012. Ṣùgbọ́n ilé tó bí gbogbo wọn wà ní Texas níhìn-ín náà, ìtàn rẹ̀ á sì pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1965, Houston kọ́ Astrodome, pápá bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní àgbáyé tó ní òrùlé lórí, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà nínú rẹ̀. Òrùlé yẹn kì í ṣí. Nítorí pé koríko tòótọ́ ni wọ́n gbìn, wọ́n fi ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ṣe òkè kí oòrùn lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí àwọn eléré gbójú sókè láti mú bọ́ọ̀lù ni wọ́n rí i pé oòrùn tó ń tàn láti ara ike náà kò jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan. Wọ́n bá kun òkè ní ọ̀dà. Ojú àwọn eléré là, koríko kú. Wọ́n ń kun ilẹ̀ tó ti gbẹ ní àwọ̀ ewé kí ọdún lè parí, nígbà tó sì di 1966, wọ́n tẹ́ koríko oníke síbẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ AstroTurf tí wọ́n ń pe koríko oníke náà ti wá.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé òrùlé tó ń ṣí ló yẹ kó wo ìyọnu náà sàn: ẹ ṣí i kí koríko jẹ oòrùn, ẹ dé e kí ènìyàn jẹ ìtura. Houston ń gbìyànjú rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n koríko kò mọ àkókò eré. Ó fẹ́ oòrùn ní ojoojúmọ́, nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́, ẹ kò lè ṣí òrùlé sílẹ̀ kí atẹ́gùn tútù tí ẹ fowó ṣe máa lọ sí ojú ọ̀run. Ó sú Phoenix, wọ́n tẹ́ koríko oníke ní 2019, Miami náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020, Arlington kò sì tilẹ̀ dán koríko tòótọ́ wò rárá. Ó dùn mí díẹ̀. Òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé jẹ́ ohun kan tí mo fẹ́ràn ní pápá àtijọ́, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é.

Ohun kan wà tí wọ́n ṣe tó wú mi lórí ju òrùlé lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Nínú bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù, kò sí òfin tó ní kí ògiri ẹ̀yìn pápá jìnnà bákan náà níbi gbogbo. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọn tirẹ̀, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà sára ògiri. Àwọn Rangers fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn pa àrokò. Igun òsì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 329, nítorí pé 29 ni nọ́ńbà ẹ̀wù Adrian Beltre, eléré Rangers tẹ́lẹ̀ rí. Ibì kan jẹ́ 372, nítorí ọdún 1972 tí ẹgbẹ́ náà dé Texas. Àárín jẹ́ 407, nítorí nọ́ńbà 7 tí Ivan Rodriguez, eléré wọn mìíràn, wọ̀. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 42 sí ògiri, nítorí Jackie Robinson, ọmọ adúláwọ̀ tó já ìdènà ẹ̀yà nínú eré yìí ní 1947, tí kò sí ẹgbẹ́ tó tún lè fún eléré ní nọ́ńbà 42 mọ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn ẹgbẹ́ náà á ka ìtàn lára ògiri, ẹni tí kò mọ̀ á rí nọ́ńbà lásán.

Mo wá dé orí ṣíṣí ilé náà, tí mo fi ṣe àkọlé lẹ́tà yìí. Ìgbà ìrúwé ọdún 2020 ni wọ́n dá fún un. Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àrùn Kòrónà sì gba ìlú. Ìlẹ̀kùn tì pa. Ayẹyẹ àkọ́kọ́ tí èrò wọ ibẹ̀ fún, ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni, láti ìparí oṣù karùn-ún, nítorí pé pápá ńlá bẹ́ẹ̀ nìkan ni àwọn ìdílé ti lè jókòó kí wọ́n jìnnà síra wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wà lára wọn. Ìyá rẹ̀ ti da aṣọ òkè sílẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú, kò sì fẹ́ kí àrùn fi ṣòfò. Ó ní kí télọ̀ rán ìbòmú láti ara aṣọ kan náà, gbogbo wa sì wọ ọ́. A tò bí ẹyẹ lórí wáyà, ìjókòó ṣófo lọ́tùn-ún, ó ṣófo lósì. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ọmọ náà, tí ẹni tó ń pè é sì ṣì í pè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, igbe tí ìyá rẹ̀ ké yí gbogbo ilé náà ká, ó sì padà wá bá wa. Mo rò ó nígbà náà pé ọmọ Èkìtì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán ohùn ilé yìí wò.

Eré gidi àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 24, oṣù keje, 2020. Rangers na Colorado Rockies pẹ̀lú ẹyọ kan sí òdo, kò sì sí òǹwòran kan ṣoṣo. Àwọn páálí tí wọ́n ya àwòrán ojú ènìyàn sí ló jókòó. O lè sanwó kí wọ́n gbé àwòrán tìrẹ náà síbẹ̀. Wọ́n ń fi ariwo tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ṣe ìdùnnú. A wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ṣe mí bákan, nítorí pé bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fi kọ́ ilé ìtura fún èrò, páálí tí kò mọ ooru ni ó kọ́kọ́ jẹ ìgbádùn rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí àrùn náà, àwọn aláṣẹ eré kó ìdíje àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní World Series wá sí ibi kan ṣoṣo, wọ́n sì mú Arlington, tó fi jẹ́ pé World Series ti ọdún yẹn ni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá pátá ní ìlú tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan nínú àwọn méjèèjì. Òǹwòran bíi 11,000 ni wọ́n gbà láàyè fún eré kọ̀ọ̀kan. Los Angeles Dodgers borí Tampa Bay Rays, Clayton Kershaw, eléré Dodgers tó jẹ́ ọmọ Dallas, sì gba ife tó ti ń lé láti ọjọ́ pípẹ́ nítòsí ìlú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n yọ Justin Turner, eléré Dodgers, kúrò lórí pápá nítorí pé àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti kó àrùn náà. Ó tún padà wá bá wọn yọ̀, gbogbo ayé sì bá a wí.

Ẹ̀kẹta ni mo ka sí ṣíṣí gidi. Gómìnà Greg Abbott ti mú gbogbo òfin ìdènà kúrò ní oṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tó sì di ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, èrò 38,238 ló wọ ibẹ̀ lọ wo Rangers àti Toronto Blue Jays, èrò tó pọ̀ jù lọ níbi eré ní Amẹ́ríkà láti ìgbà tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀. Biden, tó jẹ́ Ààrẹ ní ọdún náà, ti sọ ṣáájú pé àṣìṣe ni. N kò lọ ní ọjọ́ yẹn, nítorí pé ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ohun tó ti fojú rí kò jẹ́ kó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èrò. Rangers tilẹ̀ fìdí rẹmi, mẹ́fà sí méjì.

Ìgbà ooru ni a tó lọ. Ní ìta, ọ̀dà títì ń rọ̀ lábẹ́ bàtà, ṣùgbọ́n nínú ilé, ìyàwó mi ní kí n fún òun ní súwẹ́tà. Àwọn ọmọ jókòó títí eré fi parí, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní pápá àtijọ́. Nítorí náà, bí o bá bi mí bóyá òrùlé náà wúlò, màá ní ó wúlò gan-an. Ohun tí mo ní sí i ni pé ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, dídé ni ó sábà máa ń wà, tó fi jẹ́ pé wọ́n náwó ṣíṣí, dídé ni a ń rí lò jù. Láti òde, ilé náà sì jọ ilé ìkẹ́rùsí lójú mi; bíríkì pupa tó wà lódìkejì títì ń bu ẹwà sí ara rẹ̀ lásán. Nígbà tí Rangers máa gba ife ẹ̀yẹ World Series àkọ́kọ́ wọn ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, 2023, Phoenix ni wọ́n ti gbà á, nínú ilé ẹlòmíràn tí òrùlé tirẹ̀ náà ń ṣí.

Tí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú rẹ bá bọ́ sí i, tí o sì fẹ́ fi ojú ara rẹ wo bí òrùlé náà ṣe ń rìn, má wá ní ìgbà ooru. Oṣù kẹrin ni kí o wá, nígbà tí atẹ́gùn ṣì dára, tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣí i. Wọ́n máa ń mú àlejò rìn yíká ilé náà ní ọjọ́ tí kò bá sí eré, màá sì ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ sílẹ̀. Nígbà náà, kí o fi àwòrán òrùlé ilé Àkóbọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì sọ iye tí wọ́n ń ta páànù nílé báyìí, nítorí èmi náà ní ilẹ̀ díẹ̀ ní Mọ́níyà tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn.

Bá mi kí Màmá, kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, pàápàá èyí tó mọ̀ nípa òrùlé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkànó.